Láti Orí Igbe Dé Orí 112: Ìtàn Ìtọ́jú Pàjáwìrì ní Ìlú Wa

 

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bẹ nínú èdè wa, èwo ló ń gbé ènìyàn dìde kíákíá bí "Ẹ gbà mí o"? Ẹni tó ń jẹun yóò ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó ń sùn yóò fò dìde, ẹni tó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ yan odì yóò gbàgbé odì fún ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ tí ó sì jókòó sínú ilé rẹ̀, àdúgbò kò ní fi ojú rere wò ó mọ́. Àwọn bàbá wa kò ní fóònù, wọn kò ní áńbúláǹsì, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé: a kì í gbọ́ igbe kí á dákẹ́. Òun ni wọ́n fi ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ètò ìtọ́jú pàjáwìrì tí àwọn orílẹ̀-èdè ń ná owó rẹpẹtẹ lé lórí lónìí, igbe yẹn náà ni. Wọ́n kàn fi fóònù, ọkọ̀, òfin àti owó tì í lẹ́yìn kí ó lè dé ọ̀nà jíjìn ni. Bí igbe náà bá rí ẹni dáhùn láti ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀mí lè là. Bí okùn rẹ̀ bá já níbì kan láàárín, iṣẹ́ gbogbo àwọn tó ti dáhùn ṣáájú di asán. A fẹ́ sọ ìtàn bí wọ́n ṣe so okùn yìí ní ìlú wa, pàápàá ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ ibi tó ti máa ń já, kí ẹ sì mọ ohun tí òfin ti ṣe nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tíì gbọ́ pé òfin ti yí padà.

KÍ ÁŃBÚLÁǸSÌ TÓ DÉ

Kí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó tó di ibi tí ilé fara ti ilé báyìí, abúlé Àwórì àti oko ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá jábọ́ lórí ọ̀pẹ, àwọn tó wà nítòsí ni yóò gbé e, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ eegun tò ni wọn yóò sì gbé e lọ. Bí obìnrin bá ń rọbí tí ọmọ kò tètè jáde, àwọn ìyá àgbà ni yóò yí i ká. Ìrànlọ́wọ́ yá, nítorí pé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ju agbára àwọn tó wà nítòsí lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ilé ìwòsàn ìgbàlódé dé Èkó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ, ìjọba dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ìgbóbì fún àwọn sọ́ọ̀jà tó fara gbọgbẹ́. Ní ọdún 1945 ibùdó náà di ilé ìwòsàn eegun. Títí di òní, bí ẹnì kan bá kán lẹ́sẹ̀ ní Èkó, "Ìgbóbì" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ilé ìwòsàn dúró sójú kan, ìjàǹbá kì í sì í dúró sójú kan. Ta ni yóò gbé ẹni tó fara pa láti Ìdímù dé Ìgbóbì? Ọkọ̀ tó bá ń kọjá ni, bí awakọ̀ rẹ̀ bá ní àánú.

OHUN TÍ AYÉ TI KỌ́

Kì í ṣe ìlú wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti dààmú. Nínú ìtàn àwọn Mùsùlùmí ìgbà àkọ́kọ́, a kà nípa obìnrin kan tí ń jẹ́ Rufaidah, ará ìdílé Aslam, tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Lẹ́yìn ogun Khandaq ní ọdún 627, inú àgọ́ rẹ̀ tó wà nínú mọ́sálásí Mẹ̀dínà ni wọ́n gbé Sa'd ọmọ Mu'adh lọ nígbà tí ọfà bà á lápá. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: wọn kò dúró de ìgbà tí aláìsàn yóò lè rìn lọ bá olùtọ́jú, ibi tí àwọn ènìyàn wà ni wọ́n fi olùtọ́jú sí.

Ní ilẹ̀ Faransé, dókítà ológun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Larrey rí i pé inú pápá ni àwọn sọ́ọ̀jà tó gbọgbẹ́ máa ń wà títí ogun yóò fi parí, tí ọ̀pọ̀ wọn á sì ti kú. Ní ọdún 1792 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, èyí tó ń sáré wọ inú pápá lọ gbé wọn nígbà tí ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìtàn áńbúláǹsì.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, iná jó ilé kan ní Wimpole Street ní ọdún 1935, obìnrin 5 ló sì kú. Aládùúgbò kan ti fi tẹlifóònù pe àwọn pánápaná, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìpè rẹ̀ sí orí ìlà pẹ̀lú àwọn ìpè mìíràn. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló bí nọ́ńbà 999, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1937. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 911 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Ọdún kan ṣáájú èyí, ní ìlú Pittsburgh, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ jọ, dókítà Peter Safar sì ṣètò bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú aláìsàn nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Freedom House ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Kí wọ́n tó dé, ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ àwọn tó ń sìnkú ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ìlú, láìsí ìtọ́jú kankan lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ayé ti kà sí aláìwúlò ni wọ́n kọ́ orílẹ̀-èdè ńlá náà ní iṣẹ́.

Ní tòsí wa níbí, ní Gánà, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní pápá ìṣeré ìlú Accra ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ọdún 2001. Ènìyàn 127 ló kú nígbà tí èrò ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀ràn náà wà lára ohun tó ta wọ́n jí, wọ́n sì dá àjọ áńbúláǹsì ti orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba Gánà pín áńbúláǹsì 307 káàkiri ilẹ̀ náà. Bí a bá wò ó dáadáa, níbi gbogbo, ikú àwọn kan ló ń kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Òfin tó sọ Red Cross di àjọ Nàìjíríà jáde ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ Red Cross tí wọn kì í gba owó oṣù wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mọ́tò pọ̀ sí i, títì gbòòrò sí i, ikú náà sì pọ̀ sí i. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gbẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ débi pé ó ká àwọn olùkọ́ wọn lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a mọ̀ sí FRSC sílẹ̀, Ṣóyínká náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ wọn ni kí ìjàǹbá má ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń gbé ẹni tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tiwọn ni 122.

Ní ọdún 1999, wọ́n dá NEMA sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò áńbúláǹsì tirẹ̀ tí wọ́n pè ní LASAMBUS. Ó wá di pé ọkọ̀ wà tó ní bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti òṣìṣẹ́ ìlera nínú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jáde lọ pàdé aláìsàn lọ.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní bárékè àwọn sọ́ọ̀jà ní Ìkẹjà gbiná. Bọ́ǹbù ń dún, ilẹ̀ ń mì, àwọn ènìyàn sì ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn sá dé etí odò Òkè-Afá, ní ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, tí kò jìnnà sí Ìkòtún wa. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó dà bí ilẹ̀. Wọ́n bọ́ sínú rẹ̀, ìyá pẹ̀lú ọmọ. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,000, odò yìí ló sì gbé púpọ̀ nínú wọn lọ. Ọkọ̀ áńbúláǹsì kò lè gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ là. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹni tí yóò sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ má sá lọ síbẹ̀, ibí ni kí ẹ gbà." Ohùn tí ń darí ènìyàn náà wà lára ìtọ́jú.

ÌJÀǸBÁ NÍ ÀYÍKÁ WA

Ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn olè ti lu páìpù epo ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn ènìyàn kó kẹ́ẹ̀gì àti bákẹ́ẹ̀tì lọ bu epo. Iná sọ. Ẹni tó lé ní 200 ló kú. Ní ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 2008, katapílà tó ń la ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn bẹ́ páìpù epo, iná sì jó ilé, ó jó mọ́tò, ó dé ìtòsí ilé ẹ̀kọ́. Red Cross sọ pé àwọn tó kú tó 100. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú Dana já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgá tó múlé gbè wá. Gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, ènìyàn 6 sì kú nílẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò tó wà nínú ọgbà ìjọ Synagogue ní Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ wó. Ènìyàn 116 ló kú, ọmọ ilẹ̀ South Africa ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń wa àwọn ènìyàn jáde lábẹ́ àwókù náà.

Ọ̀rọ̀ àjálù kò mọ ẹ̀sìn, kò mọ èdè. Bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ wọn, ó yẹ kí á kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ìjú-Ìṣàgá, èrò ìwòran kún ojú ọ̀nà tóóró náà débi pé ọkọ̀ pánápaná àti áńbúláǹsì kò tètè ráyè dé ibi tí iná ti ń jó. Ẹni tó dúró síbẹ̀ kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ igbe, ó sì jáde, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ẹni tó bá jáde tí kò sì ní iṣẹ́ tí yóò ṣe, kí ó yà fún ẹni tó ní iṣẹ́. Yíyà sẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀nà kan tí a ń gbà dáhùn igbe.

ẸNU Ọ̀NÀ ILÉ ÌWÒSÀN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí okùn yìí ti já jù lọ ní Nàìjíríà. Àwọn ará àdúgbò ti dáhùn igbe, wọ́n ti wá ọkọ̀, wọ́n ti sáré. Wọ́n dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè kan: "Ìwé ọlọ́pàá dà?" Tàbí: "Èló lẹ mú wá?"

Níbo ni ọ̀rọ̀ ìwé ọlọ́pàá yìí ti wá? Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Ó wà nínú òfin náà pé ẹnikẹ́ni tàbí ilé ìwòsàn tó bá gba ẹni tí wọ́n fura pé ọta ìbọn ló bà á, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo ohun tí òfin yẹn sọ. Ó ní kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Kò ní kí wọ́n lé aláìsàn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà kí ọlọ́pàá má bàa mú wọn pé wọ́n ń bá olè ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yí òfin náà po: kàkà kí wọ́n gba aláìsàn kí wọ́n tó ké sí ọlọ́pàá, wọ́n ní kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá. Nígbà tó yá, àṣà náà kọjá ọ̀rọ̀ ìbọn, ó dé orí ẹni tí mọ́tò gbá lásán.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, àwọn agbébọn kan ilẹ̀kùn ilé Báyọ̀ Ohu, oníròyìn kan ní ìwé ìròyìn The Guardian, ní agbègbè Ẹgbẹ́dá níbí. Bí ó ti ṣílẹ̀kùn ni wọ́n yìnbọn fún un. Ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó kú. Ariwo ta káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé oníròyìn ni. Ṣùgbọ́n mélòó ni àwọn tí kì í ṣe oníròyìn, tí ikú wọn kò dé inú ìwé ìròyìn kankan?

Òfin wá yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ yìí ni a sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Èkíní ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Ó sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó jẹ́ ìdí. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kí ó gba méjèèjì pọ̀. Èkejì ni òfin ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà. Ó pàṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, pé kí wọ́n gba ẹni tí ìbọn bà kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà ó san owó ìdúró tàbí kò san. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti máa wá ìwé kiri.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ẹni tó fara pa dé ẹnu géètì, tí wọ́n sì béèrè ìwé, ẹ má fi ìbínú sọ̀rọ̀, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, òfin ọdún 2014 àti ti ọdún 2017 ní kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀." Òfin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dà bí àdá tó wà nínú àkọ̀: kò lè ṣán igbó.

BÍ ÈTÒ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́ LÓNÌÍ

Ọwọ́ mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀mí kọjá: ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí, ọwọ́ ẹni tó gba ìpè, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, àti ọwọ́ àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí èyí tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe nínú wọn.

Nọ́ńbà tí a ń pè ní Èkó ni 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Nọ́ńbà 112 kò mọ sí Èkó, òun ni wọ́n yàn fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbé e yóò ké sí ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ: áńbúláǹsì, pánápaná, ọlọ́pàá, tàbí LASEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìpínlẹ̀ Èkó. A bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé kéú léèrè nọ́ńbà yìí, díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra káàdì fóònù, wọn kò mọ èyí tó lè gba ìyá wọn là.

Bí ẹ bá pè, ẹ má kàn kígbe kí ẹ sì pa fóònù. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ni nọ́ńbà wọn kò hàn, nítorí náà ẹ dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ dárúkọ ọjà, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo tó wà nítòsí. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tó fara pa, àti bóyá wọ́n ń mí, bóyá wọ́n ń dáhùn bí a bá pè wọ́n. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní títàn. Kí ẹnì kan lọ dúró ní oríta láti júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Kí ọkọ̀ tó dé ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ẹ má ṣe tú u wò lemọ́lemọ́. Bí mọ́tò bá gbá ẹnì kan tàbí ó jábọ́ láti òkè, ẹ má ṣe fà á ní apá àti ẹsẹ̀ bí àpò ìrẹsì, àyàfi bí iná tàbí ewu mìíràn bá ń bọ̀ níbi tó wà, nítorí pé eegun ẹ̀yìn tàbí ti ọrùn lè ti ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ, ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu. Ọmọ tí gìrì mú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì rọ àgbo fún un. Ibi tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹyin, ògì, epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn rẹ̀.

OHUN TÓ ṢÌ KÙ

A kò ní tan ara wa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì kà tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 ní ọdún kan náà. Àwọn ènìyàn ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgàndó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀nà tó wà láàárín Abúlé Ẹ̀gbá àti Ìgàndó nígbà tí gosíló bá dé. Bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017 dín ìnira kù níbẹ̀, síbẹ̀ ojú ọ̀nà Ìyànà Ìpájà àti Ìkòtún ṣì mọ bí a ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Gosíló nìkan kọ́. Àwọn ọlọ́lá ti lo fèrè sáírínì láti fi lé wa kúrò lọ́nà nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ayẹyẹ, etí àwọn awakọ̀ sì ti di sí i. Nígbà tí áńbúláǹsì bá ń fọn fèrè lẹ́yìn dáńfó, awakọ̀ á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́, tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ yà fún áńbúláǹsì. Ó sàn kí ẹ yà fún irọ́ mẹ́wàá ju kí ẹ dínà mọ́ òtítọ́ kan ṣoṣo.

Owó náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2014 yẹn sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó náà sínú ètò ìṣúná, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí òfin jáde. Lára rẹ̀ ni ètò áńbúláǹsì ti gbogbo orílẹ̀-èdè, NEMSAS, ti ń jẹ. Ète rẹ̀ ni kí ó so áńbúláǹsì ìjọba àti ti aládàáni pọ̀, kí ó sì máa san owó fún ilé ìwòsàn tó bá tọ́jú ẹni pàjáwìrì, kí ilé ìwòsàn má bàa rí ìdí tí yóò fi béèrè owó lẹ́nu géètì. Ohun tó dára ni. Àwa ará ìlú ló yẹ kí á máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún pé, "Owó yẹn dà? Áńbúláǹsì tiwa dà?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ kọ 112 àti 767 sí ara ògiri ilé yín níbi tí ọmọ kékeré lè rí i. Ẹ kọ́ àwọn òbí yín tí kò kàwé ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ráyè nínú yín, kí ó lọ kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Red Cross. Àwọn ọ̀dọ́ Pittsburgh kò ju yín lọ. Àwọn bàbá wa ti ṣe tiwọn: wọ́n kọ́ wa pé a kì í gbọ́ igbe kí á dákẹ́. Iṣẹ́ tó kù fún ìran tiyín ni kí ẹ rí i pé igbe náà kò já ní ẹnu géètì.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kí Ó ṣọ́ wa nínú ilé. Àmín.